Ọyẹ́ Kì Í Fẹ́ ní Padova

Tí ewé igi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní Padova, tí àwọn ọmọ onílùú bá ti ń wé síkáàfù mọ́ ọrùn nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn, ẹsẹ̀ a máa pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Ọláfúnkẹ́. Kì í ṣe gààrí ni gbogbo wọn ń bá wá, kì í sì í ṣe irun tí wọ́n fi ń dirí. Ikọ́ ni wọ́n ń gbé bọ̀, ọ̀fìnkìn ni wọ́n ń fà bọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní Arcella, lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Ìrẹsì wà lápá kan, irun wà lápá kejì, tábìlì tí wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́ sílé wà ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti àárín oṣù kẹsàn-án, pẹpẹ iwájú kì í gba nǹkan mìíràn ju ìgò àgbo lọ: ata ilẹ̀, aáyù, kànáfùrù, ọsàn wẹ́wẹ́, orógbó tí a rẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àti oyin tí yóò jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ ara wọn yé. Ẹni tó bá mu ún, omi á bọ́ lójú rẹ̀, imú á ṣí, á sì dúpẹ́.

Kò sí ẹni tó ń ra ìgò kan tí kì í gba ìwàásù kan mọ́ ọn. Ọláfúnkẹ́ á ní kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra. Á ní kí wọ́n fi òrí ra ihò imú kí wọ́n tó jáde. Á ní kí wọ́n má fi orí tútù rìn lẹ́yìn tí wọ́n bá wẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa wá sọ èyí tó fẹ́ràn jù.

"Fèrèsé," á sọ bẹ́ẹ̀. "Gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé, ẹ fi àkísà dí i. Òtútù kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé."

Á mú ògbólógbòó ìró kan lábẹ́ káúńtà, á ká a gígùn bí irun dídì, á sì fi hàn wọ́n bí wọn yóò ṣe kì í bọ etí fèrèsé títí tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá yóò fi máa wá ọ̀nà.

Ṣakí ni wọ́n ti bí Ọláfúnkẹ́, ọyẹ́ Ṣakí kì í sì í ṣe ohun tí à ń bá ṣeré. Á gbẹ ètè, á la gìgísẹ̀, á gbé eruku láti ibi tí ènìyàn kò dé rí wá sínú ọbẹ̀ ẹni. Ìyá rẹ̀ a máa ti fèrèsé kí ilẹ̀ tó mọ́, a sì máa gbé ìkòkò omi gbígbóná sí kọ̀rọ̀ yàrá kí afẹ́fẹ́ lè rọ̀. Ọgbọ́n yẹn ló gbé wá sí Ítálì pẹ̀lú Bíbélì, ìwé orin, àti àwo tánganran méjì.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n nìkan kọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Padova, Via Anelli ló ń gbé, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kò ní gíláàsì lápá kan. Páálí ni wọ́n fi bo ibẹ̀. Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún kan, òtútù wọ àyà ọmọ rẹ̀, Fọláwẹ̀mí, tí kò tíì rìn nígbà náà. Ilé ìwòsàn gbà wọ́n. Ọláfúnkẹ́ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì kékeré náà, ó ń gbọ́ bí ọmọ ṣe ń mí, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé tí Olúwa bá dá ọmọ yìí sí, tó sì fún òun ní ilé tí fèrèsé rẹ̀ ń tì, òun yóò máa tì í. Olúwa ṣe méjèèjì. Nígbà tí ìjọba kó gbogbo èèyàn kúrò ní Via Anelli, ó rí ilé kan gbà ní Arcella, yàrá méjì àti ilé ìdáná. Kí ó tó wo ilé ìdáná, fèrèsé ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Láti ọjọ́ náà, òun àti ọmọ rẹ̀ kò wúkọ́ ìgbà ìwọ́wé mọ́. Ẹ̀rí yìí ló fi ń ta àgbo. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Padova ló mọ̀ ọ́n sórí bí àdúrà Olúwa.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, Fọláwẹ̀mí wọ yunifásítì ní Torino láti kọ́ nípa oògùn. Ìyá rẹ̀ sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ó di òrí sínú báàgì rẹ̀, ó di àgbo sí i, ó sì kìlọ̀ pé tó bá dé yàrá tí wọ́n fún un, fèrèsé ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Fọláwẹ̀mí dì mọ́ ọn. Èdè Ítálì ló fi ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn láti kékeré, òun náà ló sì fi sọ pé kí Mamma máa ṣí tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó, kí ló mọ̀ nípa òtútù?

Ilé wá dákẹ́. Nígbà tí kò sí ẹni tí yóò bá a jiyàn mọ́, Ọláfúnkẹ́ dí ilé náà bí kò ṣe dí i rí. Ó dí fèrèsé, ó dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ó tilẹ̀ fi ọ̀rá bo ihò kékeré tí àwọn tó kọ́ ilé dá sí ògiri ilé ìdáná, tí òun kò mọ ohun tó wà fún. Termosifone tó ń mú ilé gbóná kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ nítorí àkókò rẹ̀ kò tíì tó, nítorí náà ó sá aṣọ tó fọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì gbé ìkòkò àgbo ńlá ka iná lálaalẹ́. Ooru rẹ̀ a máa bá a gbé bí ènìyàn. Á máa kọrin, ìkòkò á máa gbè é.

Tí ilẹ̀ bá mọ́, omi á máa ṣàn lójú gíláàsì. Á fi aṣọ nù ún, á sì dúpẹ́.

"Òtútù ló ń sunkún lóde," á sọ fún ara rẹ̀. "Kò rí ọ̀nà wọlé."

Ìyá arúgbó kan ń gbé lókè orí rẹ̀, signora Rina, opó bíi tirẹ̀. Láràárọ̀, ì báà jẹ́ pé kùrukùru bo gbogbo ìlú, signora Rina á ṣí fèrèsé rẹ̀ gbayawu, á gbé kúbùsù jáde, á máa gbọ̀n ọ́n. Àánú rẹ̀ a máa ṣe Ọláfúnkẹ́. Ó rò pé obìnrin náà kò lẹ́nìkan tí yóò bá a ti fèrèsé.

Àfi bí ikọ́ ṣe dé.

Ó dé bí àlejò tó ń bẹ̀rù onílé, ẹ̀ẹ̀kan ní àṣálẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ní òwúrọ̀. Ọláfúnkẹ́ mu àgbo. Ikọ́ náà bá a mu ún. Ó fi àkísà kún àkísà, ó tún gbé ìkòkò kejì kaná. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ohùn rẹ̀ ti ń há bí ilẹ̀kùn tí ìpẹtà ti mú.

Ọ̀rọ̀ yìí ká a láyà, kì í ṣe nítorí ara nìkan. Ọjọ́ ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni Ìkórè ìjọ wọn. Láti ìgbà tí ìjọ náà ti wà ní pálọ̀ ẹnìkan, Ọláfúnkẹ́ ló ń dá orin ọpẹ́ Ìkórè. Ní ọdún yìí, àwọn ará Brescia àti Modena ń bọ̀ wá bá wọn ṣe é. Ta ni yóò dá a tí ohùn òun bá lọ? Yàtọ̀ sí èyí, ta ni yóò ra oògùn ikọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wúkọ́?

Nítorí náà ó fi í pamọ́. Tí ikọ́ bá fẹ́ já mọ́ ọn lẹ́nu ní ṣọ́ọ̀bù, á yí i padà kíákíá, á ní "Ògo!" Oníbàárà á dáhùn pé "Fún Olúwa." Nígbà tí oṣù fi dé ìdajì, wọ́n ń fògo fún Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀bù náà ju bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìsìn lọ. Sunday, ọmọ Warri tó ń tún fóònù ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, fetí sílẹ̀ títí, ó wá rọra yọ orí wọlé.

"Mama," ni ó sọ, "this your glory get phlegm inside o."

Ọláfúnkẹ́ ní kó lọ tún fóònù rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a dé inú.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Brescia fún ìdánrawò orin. Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ nínú Olúwa, Bíọ́lá, ló dé sí. Bí wọ́n ṣe fẹ́ sùn, ó rí i pé Bíọ́lá ṣí fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé. Ó ní ṣé Bíọ́lá fẹ́ pa òun ni. Bíọ́lá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ń gbóná, ẹ jẹ́ kó mí," ó sì yíjú sí ògiri, ó sùn lọ. Ọláfúnkẹ́ wọ kóòtù rẹ̀ sùn, ó wé gèlè mọ́ etí, ó sì ka gbogbo ìlérí ààbò tó mọ̀ sínú afẹ́fẹ́ náà. Ibi tó ti ń kà á ló ti sùn, kò jí títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó dá orin ní ọjọ́ kejì, ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo. Ó dúpẹ́, ó sọ fún wọn pé àdúrà ará Brescia múná.

Ó padà sí Padova. Ikọ́ náà ti dúró dè é nílé bí ajá tó mọ olówó rẹ̀.

Ìgbà yìí ló wá jókòó, ó ro ọ̀rọ̀ náà já. Nínú ọkọ̀ ojú irin, kò wúkọ́. Ní Brescia, kò wúkọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, díẹ̀díẹ̀. Nílé ni ikọ́ ti ń fi ìjà hàn án. Àìsàn tó ní àdírẹ́sì, ṣé àìsàn ara lásán ni? Ó hàn gbangba pé ọ̀tá ti gbé nǹkan wọ ilé òun. Bí ó sì ti ń rò ó lọ́wọ́, ó gbọ́ ìró kan lókè: gbọ̀ngbọ̀n, gbọ̀ngbọ̀n. Signora Rina ń fi igi ìgbálẹ̀ kan ilẹ̀ sí i lórí. Tẹ́lẹ̀, Ọláfúnkẹ́ a ti máa wà ní ṣọ́ọ̀bù ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀. Ní báyìí tí ikọ́ kì í jẹ́ kó sùn, tí ó sì ń pẹ́ kó tó jáde, kò sí òwúrọ̀ tí kò gbọ́ ọ. Ó gbójú sókè wo àjà. Ó ní, "Háà."

Ó gba ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ Adélaní lọ. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ó ń wa ọkọ̀ ẹrù láàárín ọ̀sẹ̀, kì í sì í gbé ohùn sókè àfi tí ó bá ń gbàdúrà fún àwọn ọmọdé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. Ó ní kó má fẹ̀sùn kan aládùúgbò rẹ̀, kó má sì bá a ṣe gbólóhùn asọ̀. Òun yóò wá gbàdúrà sí ilé náà, òun yóò sì fi òróró yan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá tó ń sùn.

Ó wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀, òun àti Alàgbà Ògúnjìnmí, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó ní ẹnu ju ara lọ. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, awò ojú Pásítọ̀ fọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bọ́ ọ, ó nù ún, ó tún fọ́jú. Ó bọ́ kóòtù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó bọ́ súwẹ́tà. Ìkòkò méjì ń hó lórí iná, aṣọ tútù so rọ̀ káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyá Fọlá," ni Ògúnjìnmí wí, ó ń nu òógùn, "ṣé ilé nìyí, àbí wọ́n ń se wá ní ọ̀lẹ̀lẹ̀? Ó ku kẹ́ ẹ fi ewé pọ́n wa."

Ọláfúnkẹ́ ní kó mú ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀fẹ̀, ogun ni àwọn wá jà.

Wọ́n kọrin, wọ́n kúnlẹ̀. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Kò tíì jìnnà tí ikọ́ fi gbé e. Ó gbìyànjú láti máa bá a lọ, ikọ́ tún gbé e. Ògúnjìnmí gba àdúrà náà lẹ́nu rẹ̀, ikọ́ gba òun náà. Ọláfúnkẹ́ la ojú kan, ó wò wọ́n. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì tún dùn díẹ̀, nítorí ojú àwọn ọkùnrin méjì ti wá rí ohun tí òun ń bá fà á.

Pásítọ̀ dìde. Ó fi òróró yan igun àkọ́kọ́, ó yan èkejì, ó yan ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ní ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn kì í dé.

"Ẹ fi yan ara kọ́bọ́ọ̀dù náà, sà," ni Ọláfúnkẹ́ wí. "Ọwọ́ Ọlọ́run á dé ẹ̀yìn rẹ̀."

"Tirẹ̀ á dé," ni Pásítọ̀ dáhùn. "Mo fẹ́ kí tèmi náà dé."

Ògúnjìnmí fi èjìká ti kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ó ké kíuùn, ó sún.

Láti ilẹ̀ títí dé ìbàdí ènìyàn, ògiri náà ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó dúdú, ó tún ní àwọ̀ ewé lára, ó hu irun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí búrẹ́dì tí wọ́n gbàgbé sínú ọ̀rá. Òórùn rẹ̀ jáde wá bá wọn, òórùn ilé tí wọ́n ti kó jáde nínú rẹ̀ tipẹ́.

Ọláfúnkẹ́ fà sẹ́yìn. "Mo sọ fún yín," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Wọ́n ti kọ nǹkan sí ara ògiri mi."

Pásítọ̀ Adélaní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka kan ògiri, ìka náà tutù. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ògúnjìnmí tẹjú mọ́ ọn, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ó sì tún padà di ẹ̀rín. Ó ní òun mọ ọ̀tá yìí. Muffa ni àwọn ará Ítálì ń pe ẹbu ara ògiri. Onílé òun ti fi orúkọ yẹn pariwo lé òun lórí ní ọdún tó kọjá, lójú gbogbo aládùúgbò.

"Ìyá Fọlá," ni Pásítọ̀ bi í, "ibo ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ yàrá yìí?"

Ọláfúnkẹ́ na ọrùn rẹ̀ ṣánṣán. Ìbéèrè yìí, ó ti pẹ́ tó ti ń retí rẹ̀. "Kò sí, sà. Kò sí ibì kankan."

Pásítọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú òfin Mósè, tí ilé bá yọ àbàwọ́n lára ògiri, àlùfáà ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè, òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, òun ló sì ń pàṣẹ kí wọ́n ha ògiri náà. Nítorí náà Ìyá Fọlá kò ṣìnà tó fi ránṣẹ́ pe òun. Àdúrà gbà, ọ̀tá wà lóòótọ́, Ọlọ́run sì ti fi í hàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyá arúgbó tó ń gbé lókè ló rán an.

"Ọyẹ́ Ṣakí, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni," ni ó wí. "Ó tọ́ kí èèyàn gbé omi sí yàrá fún un. Ọyẹ́ kì í fẹ́ ní Padova, ìyá. Omi ni ìlú yìí, omi ni kùrukùru rẹ̀. Àgbo tí ẹ ń sè, aṣọ tí ẹ ń sá, èémí tí ẹ ń mí, gbogbo rẹ̀ ló ń wá ọ̀nà jáde. Ẹ tilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó bá lọ sùn sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù."

Ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé. Ọláfúnkẹ́ dúró níwájú fèrèsé náà, kò kúrò. Ó sọ ọ̀rọ̀ Via Anelli fún wọn, páálí, ilé ìwòsàn, bí ọmọ ṣe ń mí. Ó sọ ẹ̀jẹ́ tó jẹ́.

"Ẹ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ẹ óò máa tì í," ni Pásítọ̀ wí. "Ẹ sì ti mú un ṣẹ. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ Nóà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò tó, ta ló ṣí fèrèsé?"

Ọláfúnkẹ́ yíjú padà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àkísà àkọ́kọ́ yọ. Ó ti rin gbingbin. Ó fa èkejì, ó fa gbogbo wọn. Fèrèsé náà kọ́kọ́ ṣe agídí, ó wá ṣí. Afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ wọlé pẹ̀lú òórùn òjò àti àlùbọ́sà tí ẹnìkan ń dín lókè, awò ojú Pásítọ̀ sì là.

Nígbà tí wọ́n lọ, ó pe Fọláwẹ̀mí lórí fóònù. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni kò yé òun: ọdún gbogbo tí òun ti ń dí ilé yìí, kí ló dé tí ògiri kò bu, tí ikọ́ kò mú wọn?

Fọláwẹ̀mí sọ ọ́ ní èdè Ítálì, bí ẹni tó ń sọ ohun tó jẹ gbèsè rẹ̀. "Mamma, aprivo io." Òun ló ń ṣí i. Láràárọ̀, bí ìyá rẹ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á fa àkísà yọ, á ṣí gbogbo fèrèsé, á sì wọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀ nínú òtútù náà. Kí ó tó jáde, á tì í, á sì kì gbogbo àkísà padà bó ṣe wà. Signora Rina ló kọ́ ọ. Tí ó bá gbàgbé, ìyá arúgbó náà á fi igi ìgbálẹ̀ kan ilẹ̀ láti rán an létí.

Ọláfúnkẹ́ gbójú sókè wo àjà.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ìgbà yìí, Yorùbá ni ọmọ náà fi dáhùn, díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣa ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. "Nítorí tèmi lẹ ṣe ń dí i, Mọ́mì. Mi ò fẹ́ kó dùn yín."

Ìyá náà ní kí ó wọ ìbọ̀sẹ̀, ó sì gé fóònù. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì níwájú fèrèsé tó ṣí, ó sunkún díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ súwẹ́tà, nítorí pé ibẹ̀ tutù.

Wọ́n ha ògiri náà, wọ́n fi candeggina, omi tó ń pa ẹbu, fọ̀ ọ́, Ògúnjìnmí sì wá kùn ún ní funfun. Kọ́bọ́ọ̀dù kò tún fara ti ògiri mọ́. Ọláfúnkẹ́ tú ọ̀rá kúrò lójú ihò ilé ìdáná. Ìkòkò kan ló kù lórí iná, ó ní ìdérí, fèrèsé sì ń ṣí sílẹ̀ tí ó bá ń hó. Aṣọ tó wúwo bọ́ sí ara rẹ̀, àkísà kúrò lójú fèrèsé. Ikọ́ náà kò lọ lọ́jọ́ kan. Ó lọ bí ó ṣe wá, díẹ̀díẹ̀, bí àlejò tí wọn kò se oúnjẹ fún mọ́.

Ọjọ́ Ìkórè pé. Wọ́n kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu, ápù àti elégédé ńlá síwájú pẹpẹ. Ará Brescia dé, ará Modena dé. Ọláfúnkẹ́ dìde, ó dá orin. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè tó ti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n ó mọ́, ó dúró, ìjọ sì gbà á. Wọn kò tíì parí ẹsẹ kìíní tí ẹnìkan fi wúkọ́ lápá ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Ẹlòmíràn wúkọ́ tẹ̀ lé e. Ó wò wọ́n bí ó ti ń kọrin. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí òun kò mọ̀. Òun ló ta ìgò fún wọn, òun náà ló fi ìró hàn wọ́n lábẹ́ káúńtà. Ó ń kọrin ọpẹ́, àwọn ń fi ikọ́ gbè é.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n tò síwájú tábìlì rẹ̀ bí ìṣe wọn. Àwọn àlejò pàápàá ti gbọ́ òkìkí rẹ̀. Ó lè ta á jẹ́ẹ́, kí ó gba ọpẹ́, kí ó lọ sílé. Pásítọ̀ Adélaní wà nítòsí, ó ń jẹ ápù, kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ọláfúnkẹ́ mú ìgò àkọ́kọ́, ó dì í mú, kò tíì fi sílẹ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ gba ìwàásù," ni ó wí. "Ní òwúrọ̀, kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ ṣí fèrèsé. Tẹ́ ẹ bá sè, tẹ́ ẹ bá wẹ̀, ẹ ṣí i. Ara yín ni kẹ́ ẹ wọ aṣọ sí, kì í ṣe ara ilé. Ẹ jẹ́ kí ilé mí."

Gbogbo wọn wò ó. Kẹ́hìnsí, oníbàárà rẹ̀ kan tó wà níwájú, tí ọ̀fìnkìn ti sọ imú rẹ̀ di pupa, ló kọ́kọ́ fèsì. "Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká dí i. Ẹ tiẹ̀ bá mi ká ìró mi síbẹ̀."

"Èmi ni. Èmi náà ló ní kó o yọ ọ́. Ìró tó dára bẹ́ẹ̀, lọ sá a, kó o fi ró."

"Ẹ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ ò wúkọ́."

"N kò wúkọ́ lóòótọ́," ni Ọláfúnkẹ́ wí. "Èmi ń dí i, ọmọ mi ń ṣí i lẹ́yìn mi. Mo gba ògo tó jẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún yìí tí ọmọ náà kò sí nílé, ẹ bi Pásítọ̀ léèrè ohun tí ojú wọn rí lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù mi."

Pásítọ̀ ní ẹnu òun kún fún ápù. Ògúnjìnmí kò ní ápù lẹ́nu, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ó fi ọ̀lẹ̀lẹ̀ kún un. Ẹ̀rín gba gbogbo gbọ̀ngán náà. Nígbà tí ó rọlẹ̀, Kẹ́hìnsí nu ojú rẹ̀.

"Àgbo náà ńkọ́, Màmá? Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ kó tún ṣe iṣẹ́ fèrèsé."

Kẹ́hìnsí na ọwọ́, ó gba ìgò méjì. Kò sí èyí tó ṣẹ́kù lórí tábìlì nígbà tí ará Modena fi wọ ọkọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru bo Arcella débi pé igi òpópónà dà bí ẹni tó wọ sùtánà. Ọláfúnkẹ́ jí, ó gbàdúrà, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Ó ṣí fèrèsé gbayawu, ó gbé kúbùsù rẹ̀ jáde, ó gbọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ó mú ìgbálẹ̀, ó yí orí igi rẹ̀ sókè, ó sì fi kan àjà, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kí àgbà.

Láti òkè ni ìdáhùn ti dé: gbọ̀ngbọ̀n, gbọ̀ngbọ̀n.